Ìpolówó nínú eré tó ń lọ lọ́wọ́ lórí ayélujára: kí la máa ṣe tí góòlù kò fi ní wọlé lójú ìpolówó?

Alákòóso_Ìdíje
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ gbé jáde lójú ẹsẹ̀ lórí ayélujára. Kámẹ́rà mẹ́rin, switcher kan (ẹ̀rọ tí a fi ń yan àwòrán tó máa jáde), encoder kan (ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán di fídíò tó ṣeé gbé gba íńtánẹ́ẹ̀tì). Òǹwòran tí à ń retí lẹ́ẹ̀kan náà tó 30,000. Onígbọ̀wọ́ mẹ́fà ló ti sanwó, fídíò ìpolówó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ṣé láti ibi switcher ni ká ti máa gbé ìpolówó sínú eré, àbí ká jẹ́ kí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń pín fídíò) máa fi í sí i fún òǹwòran kọ̀ọ̀kan? Èkejì, kí la máa ṣe tí góòlù kò fi ní wọlé nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń wo ọṣẹ ìfọṣọ?

Wáyà_Gígùn
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Bí àwọn onígbọ̀wọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí ìpolówó kan náà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ibi switcher ni kẹ́ ẹ ti gbé e. Ẹ kó àwọn fídíò náà sórí kọ̀ǹpútà tó so mọ́ switcher, ẹ tẹ bọ́tìnì, ó ti dé ojú òǹwòran nìyẹn. Irinṣẹ́ tó ń dènà ìpolówó kò lè yọ ọ́, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti fóònù tuntun á sì gbé e bákan náà.

Ohun tí ẹ ò ní rí ṣe ni kí ẹ fi ìpolówó kan han ẹni yìí kí ẹ fi òmíràn han ẹlòmíì. Ẹ ò sì ní mọ ẹni tó wò ó dé òpin. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò tẹ́lẹ̀: àkásílẹ̀ eré náà á máa gbé ìpolówó yẹn kiri, kódà lẹ́yìn tí àdéhùn onígbọ̀wọ́ bá ti parí. Nítorí náà, ẹ gba ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ láti ibi tí ìpolówó kò tíì wọ inú rẹ̀.

Ègé_Mẹ́fà
Ọ̀rọ̀ Wáyà_Gígùn tọ̀nà. Àmọ́ bí àwọn òǹwòran bá wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí onígbọ̀wọ́ ibì kan kò sì kan ibòmíì, switcher nìkan kò ní tó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìyókù ṣe ń ṣiṣẹ́.

Encoder kì í rọ́ fídíò jáde bí omi. Ṣe ló máa ń gé e sí ègé ègé. Nínú HLS, ọ̀nà ìpín-fídíò tí Apple gbé jáde ní 2009, ìṣẹ́jú-àáyá 6 ni wọ́n dámọ̀ràn fún ègé kan. Fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ playlist ló ń sọ fún player (ohun tó ń fi fídíò hàn lórí ẹ̀rọ òǹwòran) pé ègé báyìí ló kàn. Ibẹ̀ ni ìpolówó ti ń rí ọ̀nà wọlé.

Bó bá jẹ́ pé player lórí fóònù ló ń ṣe é, á dá eré dúró, á lọ gbé ìpolówó níbòmíì, á fi í hàn, á tún padà. Ó rọrùn láti kà, èèyàn sì lè tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ adènà-ìpolówó á pa á, àwọn tẹlifíṣọ̀n tí kò lè tú ju fídíò kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà á sì ṣókùnkùn láàárín eré àti ìpolówó.

Bó bá jẹ́ sáfà, ṣe ni yóò rán ìpolówó mọ́ eré bí télọ̀ ṣe ń rán aṣọ. Ègé eré, ègé ìpolówó, ègé eré, gbogbo rẹ̀ nínú playlist kan. Player kò mọ ìyàtọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé òǹwòran kọ̀ọ̀kan ní playlist tirẹ̀, bí èrò bá sì ti pọ̀, iṣẹ́ sáfà á pọ̀ sí i.

Láti 2021 ni Apple ti gbé ọ̀nà àárín kan jáde, HLS Interstitials. Playlist kan náà ni gbogbo èèyàn ń gbà, CDN (àwọn sáfà káàkiri tó ń pín fídíò fún èrò) lè tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀, àmì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀ tó sọ fún player pé "lọ mú ìpolówó ní àdírẹ́sì yìí". Ó dára púpọ̀ bí àwọn ẹ̀rọ òǹwòran yín bá jẹ́ tuntun. Bí wọ́n bá jẹ́ àdàlù tẹlifíṣọ̀n ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹ fi sílẹ̀.

Alákòóso_Ìdíje
Ẹ ṣeun gan-an. Onígbọ̀wọ́ méjì nínú wọn kò fẹ́ kí ìpolówó wọn jáde ní ìta orílẹ̀-èdè kan, nítorí náà ó jọ pé sáfà ló kàn wá. Ta ló máa ń sọ fún sáfà pé àkókò ìpolówó ti tó?

Atọ́kùn_Àmì
Ìbéèrè tó ṣe kókó nìyẹn, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Sáfà kò gbọ́ bọ́ọ̀lù, kò mọ̀ pé rẹfirí ti fun fèrè. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ sọ fún un, èdè tí wọ́n sì fi ń sọ ọ́ ni SCTE-35. Àmì náà máa ń gbé nǹkan mẹ́ta: àkókò tí eré máa yà, iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ìpolówó máa gbà, àti bóyá kó padà fúnra rẹ̀ tàbí kó dúró de àṣẹ.

Ẹ fi àmì náà ránṣẹ́, ó kéré tán, ìṣẹ́jú-àáyá 4 kí ìyapa tó dé. Encoder gbọ́dọ̀ fi keyframe (fírémù tó pé fúnra rẹ̀, tí player lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀) sí ojú ibẹ̀ gan-an, kó sì bẹ̀rẹ̀ ègé tuntun níbẹ̀. Bí encoder bá kọ àmì náà tì, tó ń fi keyframe sí ìṣẹ́jú-àáyá 2 méjì méjì bó ti máa ń ṣe, ìyapa lè fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2 ṣáko. Ó lè gé ọ̀rọ̀ mọ́ aṣàlàyé eré lẹ́nu, tàbí kí àwòrán "a ó padà" ṣẹ́jú fìrí kó tó di ìpolówó. Bẹ́ẹ bá rí èyí nígbà ìdánwò, encoder ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ tún kíyè sí ọ̀nà tí fídíò gbà dé sáfà. RTMP, ọ̀nà kan tí a fi ń rán fídíò lọ sí sáfà, kì í gbé àmì SCTE-35 bó ṣe wà. MPEG-TS (irú àpò fídíò kan) tí a fi SRT (ọ̀nà ìránṣẹ́ mìíràn) gbé máa ń gbé e. OBS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbé fídíò jáde, kì í fi àmì yìí sí fídíò fúnra rẹ̀, nítorí náà bó bá jẹ́ OBS lẹ̀ ń lò, ẹ bi ilé-iṣẹ́ tó ń gbé fídíò yín bóyá wọ́n ní bọ́tìnì tàbí API (ọ̀nà tí ètò kan fi ń pàṣẹ fún òmíràn) tí ẹ lè fi pe ìpolówó láti òkèèrè. Ó ń ṣiṣẹ́. Kì í kàn ṣe déédéé tó SCTE-35.

Ègé_Mẹ́fà
Kí n fi kún un. Nínú playlist, ẹ wo àlà láàárín eré àti ìpolówó, EXT-X-DISCONTINUITY gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní wíwọlé àti ní jíjáde. Òun ló ń sọ fún player pé aago inú fídíò máa yí padà. Bí kò bá sí, àwòrán á dì, tàbí kí ẹnu àti ọ̀rọ̀ má bára mu mọ́.

Èyí tó máa ń da àwọn èèyàn lọ́kàn rú jù ni EXT-X-DISCONTINUITY-SEQUENCE. Bí àlà àtijọ́ bá ti bọ́ kúrò lókè playlist, nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan lé sí i. Bí sáfà bá gbàgbé, kì í ṣe lójú ìpolówó ni player á ti dì, ó di ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ronú ìpolówó mọ́. Gbogbo èèyàn á wá máa bú íńtánẹ́ẹ̀tì.

Fèrè_Rẹfirí
Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Lílọ sí ìpolówó kò le. Àbọ̀ ló le.

Ìsinmi àárín eré kì í ju ìṣẹ́jú 15 lọ, rẹfirí kò sì ní dúró dè yín. Ẹ má ṣe sọ fún sáfà pé "ìṣẹ́jú-àáyá 900, ó dàbọ̀". Ẹ gé e sí ìpele ìpele tí kò ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Ẹ jẹ́ kí òǹwòran kọ́kọ́ rí àtúnwò góòlù fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ìpele kìíní tó wọlé. Láàárín ìpele méjì, ẹ padà sí pápá tàbí sọ́dọ̀ àwọn olùtúpalẹ̀. Ìpele tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti parí nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 2 kí bọ́ọ̀lù tún bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá sáré jáde ṣáájú àkókò, ìpele kan péré lẹ máa gé.

Gígé ọ̀hún náà ní ọgbọ́n. Bó bá jẹ́ sáfà ló rán an, ẹ fi àmì ìpadàbọ̀ ránṣẹ́, ìpolówó á dáwọ́ dúró níbi tí ègé tó ń lọ bá parí sí, eré á sì máa bá a lọ. Ẹni tó wà ní ìṣẹ́jú-àáyá 20 sẹ́yìn á padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 20 lẹ́yìn yín, kò pàdánù ohunkóhun. Bó bá jẹ́ player ló ń gbé ìpolówó, ó lè fi fáìlì rẹ̀ hàn tán kó tó fò padà sójú eré. Ohun tó kọjá láàárín ìyẹn ti kọjá nìyẹn. Góòlù tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù ń gba ibẹ̀ wọlé.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ, ẹ má ṣe yà kúrò lórí pápá rárá, ì báà jẹ́ pé ẹnì kan fara pa, ì báà jẹ́ pé VAR ń wo fídíò. Àsìkò VAR gan-an ni ojú èèyàn ń wà lára tẹlifíṣọ̀n jù. Ẹ dín àwòrán pápá kù sí bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, kí ìpolówó gba ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ láìsí ohùn, kó má sì bo àmì-ayò.

Ráákẹ́ẹ̀tì_Kejì
Fún ẹni tó máa ka èyí lọ́jọ́ iwájú tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń gbé: nínú tẹ́níìsì, ìṣẹ́jú-àáyá 90 ni wọ́n ń fún àwọn eléré láti pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, ó jẹ́ 120 ní òpin sẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn géèmù kìíní nínú sẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ láìjókòó. Ẹni tí kò mọ̀ á ju ìpolówó ìṣẹ́jú-àáyá 60 sí ibẹ̀, á sì pàdánù ayò.

Alákòóso_Ìdíje
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣeun. A dán ìpolówó méjì wò lónìí. Ọ̀kan pariwo débi pé a sáré dín ohùn kù. Èkejì, àwòrán rẹ̀ ń ta gọ́ńgọ́ngọ́n, kì í lọ geere bíi ti pápá.

Etí_Kò_Sinmi
Àwọn tó ṣe ìpolówó máa ń fún ohùn pọ̀ kó lè ta yọ. Ìwọ̀n tí àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù ń lò ni −23 LUFS (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń dún létí), lábẹ́ ìlànà EBU R128. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ −24. Èyí tó wù yín ni kẹ́ ẹ mú, kókó ibẹ̀ ni pé kí ìpolówó àti eré wà lórí ìwọ̀n kan náà. Ẹ wọn ohùn eré náà pẹ̀lú ariwo èrò inú rẹ̀, kì í ṣe ohùn aṣàlàyé nìkan.

Ní ti àwòrán tó ń ta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fírémù 25 tàbí 30 ni ìpolówó náà ní láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí eré yín sì jẹ́ 50. Ẹ sọ gbogbo ìpolówó di irú kan náà pẹ̀lú eré, ó kéré tán wákàtí 24 ṣáájú. Àṣẹ ffmpeg (ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà) nìyí:

`ffmpeg -i ipolowo.mp4 -vf "scale=1920:1080:force_original_aspect_ratio=decrease,pad=1920:1080:-1:-1,fps=50" -c:v libx264 -pix_fmt yuv420p -b:v 6M -maxrate 6M -bufsize 12M -g 100 -keyint_min 100 -sc_threshold 0 -af loudnorm=I=-23:TP=-1:LRA=11 -c:a aac -b:a 128k -ar 48000 -ac 2 ipolowo_setan.mp4`

`-g 100` túmọ̀ sí keyframe kan ní fírémù 100, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 2 bó bá jẹ́ fírémù 50. `-sc_threshold 0` kì í jẹ́ kí ffmpeg fi keyframe síbi tó bá wù ú nígbà tí àwòrán bá yí padà. `pad` wà fún ìpolówó tí wọ́n fi fóònù yà lóòró, kó má bàa fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má yọ `-ar 48000` o, torí loudnorm, apá tó ń tún ìwọ̀n ohùn ṣe, máa ń gbé ohùn lọ sí 192,000 hertz bí a kò bá dá a padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà kéékèèké rẹ̀ tó bá ti eré mu: ti ìlà 720 ní mẹ́gábíìtì 3.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 540 ní 2, 360 ní 0.8. Bí ẹ̀dà kan bá wà nínú eré tí kò sí nínú ìpolówó, ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lágbára á kàn bára rẹ̀ lórí fídíò tí fóònù rẹ̀ kò lè gbé.

Wáyà_Gígùn
Kí wọ́n sì rí i pé fírémù ìpolówó kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,500 gééré, ìyẹn 30 lọ́nà 50. Ìpolówó tí wọ́n pè ní 30 tó jẹ́ 29.6 nítòótọ́ máa ń fi ihò sílẹ̀. Ẹ ní fídíò adelé kan nílẹ̀ tó máa dí ihò, àmì ìdíje yín pẹ̀lú orin tí ẹ ní ẹ̀tọ́ sí. Òun náà ló máa jáde bí sáfà ìpolówó kò bá dáhùn.

Ọ̀pọ̀_Èrò
Ó máa kọ̀ láti dáhùn, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èrò 30,000 kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa dé díẹ̀díẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni gbogbo wọn ń bọ́ sí ìpolówó. Bí ìpele kan bá ní ìpolówó mẹ́rin, ìbéèrè 120,000 ló lè já lu sáfà ìpolówó láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ohun tó ń pa á nìyẹn.

Oògùn rẹ̀ ni pé kí ẹ béèrè ṣáájú. Láti bí ìṣẹ́jú 5 kí ìsinmi tó dé, kí sáfà tó ń rán fídíò máa béèrè ìpolówó fún òǹwòran díẹ̀díẹ̀, kó tọ́jú ìdáhùn sílẹ̀. Kí ó fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì, bí kò bá sí èsì, adelé. Bó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè nìkan ni ìyàtọ̀ láàárín àwọn òǹwòran yín, kò sídìí láti ṣe playlist 30,000. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní playlist kan. Iṣẹ́ náà á fúyẹ́ bí ìyẹ́. Nígbà àṣekágbá ife àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì ní 2023, mílíọ̀nù 59 èèyàn ló ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà lórí Disney+ Hotstar. Sáfà wo ló fẹ́ dáhùn ìbéèrè gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà?

Ìṣirò CDN yín nìyí. Bí ìpíndọ́gba bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 4, 30,000 òǹwòran jẹ́ gígábíìtì 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wákàtí 2 jẹ́ gígábáìtì 3.6 fún ẹnì kan, ìyẹn gígábáìtì 108,000 lápapọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yìí han CDN kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ìpolówó wà nínú rẹ̀.

Ojú_Ẹsẹ̀
Ẹ ò wá mẹ́nu ba ìfàsẹ́yìn, ìyẹn bí fídíò ṣe ń pẹ́ kó tó dé ojú òǹwòran. Pẹ̀lú ègé ìṣẹ́jú-àáyá 6, player máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ègé mẹ́ta sẹ́yìn, ìṣẹ́jú-àáyá 18 nìyẹn, kí encoder àti CDN tó gba tiwọn. Aládùúgbò tó ń wo sátẹ́láìtì á ti pariwo góòlù tán. Mo dá LL-HLS (HLS tí ìfàsẹ́yìn rẹ̀ kéré) lábàá, ó lè mú un wá sí ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí 5.

Atọ́kùn_Àmì
Ọ̀gá, mo ta kò yín lórí èyí. Ìfàsẹ́yìn tẹ́ ẹ̀ ń dín kù yẹn náà ni àyè tí sáfà ń lò láti wá ìpolówó. Ẹni tó ń fi ìpolówó sí eré fún ìgbà àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ fi LL-HLS kún un lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n lo ègé ìṣẹ́jú-àáyá 4, ó máa bọ́ sí bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 20, kí wọ́n sì má fi ìkéde góòlù ránṣẹ́ sórí fóònù kí fídíò tó débẹ̀.

Ojú_Ẹsẹ̀
Ó dáa, mo gbà fún ti ìgbà àkọ́kọ́.

Akọ̀wé_Onígbọ̀wọ́
Onígbọ̀wọ́ á béèrè ẹ̀rí. VAST, ìlànà tí sáfà ìpolówó àti player fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ló ń ṣètò èyí: àmì kan nígbà tí ìpolówó bá bẹ̀rẹ̀, òmíràn ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ní ìdajì, ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àti ní òpin. Bó bá jẹ́ sáfà ló ń fi àmì wọ̀nyí ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á jọ pé àdírẹ́sì IP kan ṣoṣo ló wo ìpolówó 30,000 ìgbà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹ̀tàn á sì dà á nù. Ẹ rí i pé sáfà ń fi X-Device-IP àti X-Device-User-Agent ti òǹwòran (àdírẹ́sì rẹ̀ àti irú ẹ̀rọ tó ń lò) sí i. Ó tún sàn bí player fúnra rẹ̀ bá lè ránṣẹ́, torí sáfà mọ̀ pé òun fi ègé ránṣẹ́, kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wò ó.

Nínú àdéhùn, ẹ kọ iye ìgbà tí ìpolówó kan lè tún jáde fún ẹnì kan, kí ẹ sì kọ ọ́ pé oníṣòwò ohun mímu méjì kò gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà. Ìpolówó mẹ́fà ní ìpele kan jẹ́ ìṣẹ́jú 3, ẹ pín in sí mẹ́ta mẹ́ta.

Ègé_Mẹ́fà
Bí eré yín bá ní DRM (àgádágodo tó ń dènà àdàkọ) tí ìpolówó kò sì ní, àwọn tẹlifíṣọ̀n kan á kú lójú àlà. Ẹ ti ìpolówó náà pa pẹ̀lú DRM kan náà, tàbí kí ẹ dán an wò lórí tẹlifíṣọ̀n tó pẹ́ jù tẹ́ ẹ bá rí.

Wáyà_Gígùn
Ìdánwò: ẹ gbé fídíò eré àtijọ́ kan fún wákàtí 2 pípé, ìpele mẹ́jọ ó kéré tán, ẹ gé méjì nínú wọn láàárín. Ẹ wò ó lórí Android, iPhone, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n oríṣi méjì. Ìlà íńtánẹ́ẹ̀tì méjì láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kọ̀ọ̀kan ní ìlọ́po méjì ohun tẹ́ ẹ̀ ń rán lọ. Bó bá jẹ́ SRT, ẹ fi latency (àkókò tí SRT fi ń dúró de ohun tó bá sọnù lọ́nà) sí ìlọ́po mẹ́rin àkókò àlọ-àbọ̀, ìyẹn ping: bí ping bá jẹ́ 80 millisecond, ẹ fi 320, ẹ má fi í sílẹ̀ ní 120 tó bá a wá.

Kí ẹ sì pa encoder kí ẹ tún un tàn láàárọ̀ ọjọ́ eré. Aago inú MPEG-TS máa ń kún ní wákàtí 26 àti ààbọ̀, á sì padà sí òdo. Encoder tí wọ́n tàn láàárọ̀ àná fún ìdánwò lè dé ibẹ̀ lójú àṣekágbá gan-an, àmì ìpolówó á wá máa tọ́ka sí àkókò tí kò sí.

Alákòóso_Ìdíje
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ọ̀kan: bí eré bá wọ àfikún àkókò ńkọ́?

Fèrè_Rẹfirí
Kí àfikún tó bẹ̀rẹ̀, ìpele kan tí kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 60 lọ, kí ẹ sì ti fọwọ́ kan bọ́tìnì ìpadàbọ̀. Láàárín ìdajì méjì àfikún, òfin fàyè gba kí wọ́n mumi fún ìgbà tí kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ, nítorí náà ẹ má yà kúrò ní pápá, ẹ lo ti ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ yẹn. Bó bá di pẹ́náẹ́tì, ẹ pa gbogbo ètò tó ń pe ìpolówó fúnra rẹ̀, ẹ sì ní kí ẹni tó wà nídìí switcher sọ ọ́ sókè pé òun ti pa á.

Alákòóso_Ìdíje
Ó ti yé mi. A máa ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa gbé playlist rẹ̀ síbí kí Ègé_Mẹ́fà bá mi wo àwọn àlà yẹn.

Ègé_Mẹ́fà
Ẹ gbé e wá. Ti 1080 àti ti 360 méjèèjì, torí àlà gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà nínú wọn.